Rọpárọsẹ̀ mú bàámi, màámi ò jẹ́ kí wọ́n gbé ṣíbí. Irú eré ìdárayá wo ló yẹ ká máa ṣe?

Akin_Mọ́níyà:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí àmọ́ mo ní kí n sọ ọ́ síbí torí mo mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ nílé àwọn ẹlòmíì náà. Bàámi jẹ́ ẹni ọdún 68, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló mú, ẹnu wọn náà yí díẹ̀ ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ti ń já gaara báyìí. Ọjọ́ mọ́kànlá la lò ní ọsibítù, físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú aláìsàn, kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé látìgbà tá a ti gbé wọn délé, ńṣe ni wọ́n ń padà sẹ́yìn. Màámi ti sọ wọ́n di ọmọ ìkókó. Àwọn ló ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, àwọn ló ń wẹ̀ wọ́n, tí bàámi bá ní àwọn fẹ́ dìde lọ sí pálọ̀, màámi á ní "ẹ jókòó jàre, kí lẹ fẹ́ mú, màá bá yín mú un wá." Ìfẹ́ ni o, mo mọ̀, ọdún 43 ni wọ́n ti jọ wà. Àmọ́ lánàá mo rí nǹkan kan tó dùn mí. Wọ́n gbé àmàlà síwájú bàámi, bàámi na ọwọ́ ọ̀tún yẹn sí abọ́, ó ń gbọ̀n, ìka méjì ti kan ọbẹ̀, màámi bá rọra gbé ọwọ́ náà kúrò bí ìgbà téèyàn ń gbé ọwọ́ ọmọdé kúrò nídìí iná, wọ́n sì fi òkèlè sí wọn lẹ́nu. Bàámi ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wo ògiri.

Ìbéèrè mi jẹ́ méjì. Èkísásáìsì wo ni wọ́n lè máa ṣe nílé, torí físíò jìnnà sí wa, owó ọkọ̀ nìkan ti tó gbọ́ bùkátà. Ìkejì ni tèmi fúnra mi. Mo lọ wọn BP, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru sí, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ó jẹ́ 152/96. Ọmọ ọdún 41 ni mí, orí àga ni mo ti ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, ikùn ti yọ. Ṣé eré sísá lè gbà mí lọ́wọ́ ohun tó mú bàámi?

ÌyáÌbejì_Ìkirè:
Ah, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Olúwa á wo bàbá sàn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí màmá, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọkọ mi, mo rò pé tí wọ́n bá ṣubú báyìí èmi ni wọ́n máa sọ pé mo pa wọ́n. Ẹ tún rántí pé ọwọ́ ọ̀tún ló mú bàbá. Àgbàlagbà wo lẹ rí tó fẹ́ fi òsì jẹ àmàlà lójú àlejò? Ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn gan-an ni màmá ń bò mọ́lẹ̀.

Físíò_Ẹsẹ̀Kan:
Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, ọdún kẹrìnlá rèé. Mi ò tíì rí bàbá yín lójú, nítorí náà ohun tí mo bá sọ, ẹ fi lọ ẹni tó tọ́jú wọn kẹ́ ẹ tó ṣe é.

Bọ̀dá Akin, ọpọlọ ló fara pa, kì í ṣe apá. Ẹ̀jẹ̀ ò dé ibì kan nínú ọpọlọ, bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà, bóyá òpó ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́, ibi tó ń pàṣẹ fún ọwọ́ ọ̀tún bá dákẹ́. Àwọn ibi tó kù nínú ọpọlọ lè kọ́ iṣẹ́ náà o, àmọ́ bí ọmọ àyàn ṣe ń kọ́ ìlù ni, àṣetúnṣe, àṣetúnṣe. Ọwọ́ tí wọn ò bá lò, ọpọlọ á yáa gbàgbé rẹ̀. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ara máa ń tètè padà jù, oṣù mẹ́rin sì lẹ wà yìí, ẹ ò rí i pé kì í ṣe àsìkò ìjókòó. (Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà náà ara ṣì ń gbà á, kó má di pé ẹnì kan á kà á kó wá sọ̀rètí nù.)

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìdìde-jókòó. Ẹ wá àga tó le, kì í ṣe kúṣìn tó ń gbéni mì, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ dáadáa. Kí bàbá tẹ̀ síwájú títí imú wọn á fi ré kọjá ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n wá dìde, kí wọ́n dúró díẹ̀, kí wọ́n rọra jókòó, kì í ṣe kí wọ́n já lulẹ̀ gbì. Kí wọ́n gbìyànjú láti fi ara ti ẹsẹ̀ ọ̀tún náà o, torí ẹsẹ̀ òsì á fẹ́ gba gbogbo iṣẹ́ ṣe. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lọ́sàn-án, márùn-ún lálẹ́, kẹ́ ẹ máa fi kún un. Kí wọ́n má di èémí mú tí wọ́n bá ń dìde, kí wọ́n máa kà á sókè, ẹni tó ń kà á sókè ò lè di èémí mú.

Ọwọ́ òsì ni kí ọ̀pá wà. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dáa ló ń ṣáájú gòkè, ẹsẹ̀ tó ń ṣàìsàn ló ń ṣáájú sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fa apá ọ̀tún yẹn láti fi gbé wọn dìde, ẹran tó di èjìká mú ti dẹ̀, ẹ ó kàn yẹ eegun ni. Lọ́jọ́ tí BP bá sì wà ní 180/110 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọjọ́ èkísásáìsì, ọjọ́ dókítà ni.

Akin_Mọ́níyà:
Ah. Àbúrò mi máa ń ki ọwọ́ bọ abíyá ọ̀tún yẹn ni o tó bá fẹ́ gbé wọn! Bàámi ti ń sọ pé èjìká ń dun àwọn, a rò pé òtútù ni.

Físíò_Ẹsẹ̀Kan:
Ẹ sọ fún un kó dáwọ́ dúró lónìí. Kó dì wọ́n mú níbàdí, tàbí kẹ́ ẹ de bẹ́líìtì tó fẹ̀ mọ́ wọn níbàdí kó máa mú ìyẹn. Ẹ sì jẹ́ kí dókítà wo èjìká náà.

Àgbà_Ọ̀yọ́:
Ẹ má bínú o, èmi ò gba gbogbo èyí gbọ́. Bàbá tó bí bàbá mi lò ju ọdún 90 lọ, wọn ò ṣe èkísásáìsì kankan rí láyé wọn, wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ BP. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ kó nǹkan òyìnbó wọlé, ẹ máa ń sáré lójú títì bí ẹni tí ajá ń lé.

Dírébà_Ọ̀jọ́ta:
Hahaha bàbá o. Oko bàbá àgbà yẹn, mọ́tò ló ń gbé wọn lọ ni? Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, tó kọ ebè látàárọ̀, tó tún ru iṣu bọ̀ wálé, ẹ ní kò ṣe èkísásáìsì? Ẹ kàn ò pè é bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, wákàtí mẹ́rìnlá lójúmọ́ ni mò ń lò lẹ́yìn síárìn, ẹsẹ̀ mi ò ṣe ju kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì lọ, oko bàbá àgbà yín ti dára ju tèmi lọ fíìfíì.

Físíò_Ẹsẹ̀Kan:
Dírébà ti bá mi dáhùn, ẹ ṣé. Kí n kàn fi èyí kún un fún bàbá Ọ̀yọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn ló ṣáájú àwọn tó ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2018, Nàìjíríà àti Gánà níbí ni wọ́n ti ṣe é, àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ tí wọ́n wò lé ní 2,000, wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tí kò ní in. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó tẹ̀ lé e: ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ikùn tó yọ ju ìbàdí lọ, ìtọ̀ ṣúgà, àìjẹ ẹ̀fọ́, bíbu iyọ̀ sóúnjẹ tó ti délẹ̀ lórí tábìlì, sìgá, àti àìfi ara ṣiṣẹ́. Bàbá àgbà yín ń jẹ ẹ̀fọ́, wọ́n ń ro oko, ikùn ò yọ. Ńṣe ni wọ́n ń tẹ̀ lé ìmọ̀ràn dókítà láìmọ̀.

Àgbà_Ọ̀yọ́:
Ó dáa, mo gbọ́. Ti iyọ̀ yẹn bá mi wí.

Télọ̀_Òṣogbo:
Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ṣe náà sọ̀rọ̀. 2019 ni tèmi, ọdún 46 ni mo wà. Aṣọ ẹgbẹ́ ni mò ń gé lọ́wọ́, aṣọ bọ́ lọ́wọ́ òsì tí mo fi dì í mú, mo fẹ́ pe ọmọ iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ò jáde. Wọ́n ní ayé ni, àwọn kan ní wọ́n ta mí lọ́fà. Wọ́n gbé mi káàkiri kí wọ́n tó gbé mi lọ sí ọsibítù. Ẹnì kan tó ń wọ́ra ládùúgbò fi aṣọ inú omi gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ òsì yẹn, ẹsẹ̀ ò mọ̀ pé ohun gbígbóná ni, nígbà tí mo máa wo ilẹ̀ awọ ti bó. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan gbígbóná kan ibi tí kò mọ nǹkan lára o.

Oṣù mẹ́jọ ni mi ò fọwọ́ kan maṣíìnì. Físíò tó ń wá sílé ló bi mí lọ́jọ́ kan pé maṣíìnì wo ni mo ní. Mo ní oníná ni mò ń lò, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́ tí ọ̀gá mi fún mi nígbà tí mo gba fúrídọ̀mù wà ní kọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e jáde, wọn ò fi aṣọ sí i, wọn ò fi òwú sí i, ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ìtẹ̀sẹ̀ kí n máa wà á lófìfo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹsẹ̀ òsì ń yọ̀ kúrò lórí irin, wọ́n fi ọ̀já dè é mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú méjì péré, mo làágùn bí ẹni tó gún iyán ìyàwó. Ọmọ iṣẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún. Oṣù kẹta lẹ́yìn rẹ̀ mo ti ń wà á fún ogún ìṣẹ́jú, a ti tú ọ̀já.

Ọwọ́ ńkọ́? Bọ́tìnì. Mo da bọ́tìnì kún agolo mílíìkì, mo ń fi ọwọ́ òsì ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwo. Ogún bọ́tìnì lè gbà mí ní ìdajì wákàtí. Ẹni tí kì í ṣe télọ̀ lè ṣa ẹ̀wà, ṣebí ẹ̀wà wà nílé gbogbo èèyàn.

Ohun tẹ́nì kankan ò kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀ ni ìbànújẹ́ yẹn. Mi ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ní in ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ lára, dókítà sì ní oògùn àti ìmọ̀ràn fún un. Bàbá tó ń wo ògiri yẹn, bọ̀dá Akin, ẹ má fi ojú fo ògiri yẹn o.

Alábòójútó:
Mo ti yọ ìdáhùn kan kúrò níbí, ti ẹni tó ń ta àgbo tó ní ọjọ́ méje ló ń lé rọpárọsẹ̀ lọ. Ẹ má tún gbé e padà.

Ṣadé_Àgbáwọ̀:
Ẹ dákun, wọ́n gba àǹtí mi sí ọsibítù lánàá nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ṣé kí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe èkísásáìsì lónìí, torí mo rí i tẹ́ ẹ ní ká má fi àkókò ṣòfò?

Bọ̀dé_Peckham:
Ẹ rọra o àǹtí Ṣadé. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, kéà ni mò ń ṣe, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú, fún irú àwọn aláìsàn yìí. Wọ́n ti dán èyí wò, AVERT ni wọ́n pe ìwádìí yẹn, 2015 ló jáde, èèyàn tó lé ní 2,000. Àwọn tí wọ́n gbé dìde kíákíá láàárín wákàtí 24 tí wọ́n sì ń ṣe é léraléra tí wọ́n ń pẹ́ nídìí ẹ̀, ara wọn ò yá tó ti àwọn tí wọ́n rọra gbé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọsibítù sọ ìgbà tó yẹ, díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ tàbí omi lẹ́nu kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n lè gbé nǹkan mì, ìyẹn náà ṣe pàtàkì.

Bọ̀dá Akin, ọ̀rọ̀ ṣíbí. Ẹ fi fóòmù tàbí àkísà mímọ́ wé ìdí ṣíbí títí á fi nípọn bí ìdí àgbàdo, ọwọ́ tó ń gbọ̀n á lè dì í mú. Ẹ fi aṣọ tútù sábẹ́ abọ́ kó má sá kiri. Níbí, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2023 sọ pé ẹni tó bá nílò rẹ̀ yẹ kó gba ìtọ́jú ìmúbọ̀sípò wákàtí mẹ́ta ó kéré tán lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Inú ìwé nìyẹn o, mi ò tíì rí i kó pé wákàtí mẹ́ta níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ ronú sí i: wákàtí mẹ́ta lójúmọ́! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, gbogbo nǹkan tí bàbá bá ṣe fúnra wọn wà lára ẹ̀, wíwọ bàtà, fífọ eyín, dídé bọ́tìnì.

ÌyáÌbejì_Ìkirè:
Kẹ́ ẹ sì wáṣẹ́ fún màmá o. Tẹ́ ẹ bá kàn ní "màmá ẹ fi wọ́n sílẹ̀" wọ́n á bínú. Ẹ sọ wọ́n di ọ̀gá, kí wọ́n máa ka iye tí bàbá ti ṣe.

Akin_Mọ́níyà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Tèmi ńkọ́? Ẹ ti gbàgbé 152/96 mi.

Físíò_Ẹsẹ̀Kan:
A ò gbàgbé. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà, kí wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ mélòó kan, torí ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Tí wọ́n bá fún yín ní oògùn ẹ lò ó. Mo ń sọ èyí torí àwọn kan á sá eré ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á ju oògùn nù. Èkísásáìsì lè fa nọ́ńbà òkè wálẹ̀ bíi 5 sí 8 fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ ṣèṣirò rẹ̀ kúrò nínú 152.

Ohun tí àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ ní 2020 ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, irú èyí tó ń mú èémí yá díẹ̀, àti èyí tó ń fún iṣan lókun lẹ́ẹ̀mejì. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá sáré. Rírìn kíákíá ti tó. Báyìí lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n: tẹ́ ẹ bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí ẹ ò lè kọrin, ẹ ti dé ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè kọrin, ẹ ń ṣeré ni. Tí ẹ ò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ dín in kù. Ẹ lè gé e sí mẹ́wàá mẹ́wàá.

Dírébà_Ọ̀jọ́ta:
Èmi, tí mo bá ń dúró de tọ́ọ̀nù mi, mo máa ń yí páàkì ká lẹ́ẹ̀mẹfà dípò kí n jókòó sídìí paraga. Kọ̀ńdọ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń wá ẹni tó jẹ mí lówó. Ó ń rẹ́rìn-ín, bẹ́líìtì mi ti wọlé ihò méjì.

Télọ̀_Òṣogbo:
Bọ̀dá Akin, mo fẹ́ béèrè. Ṣé bàbá mọ ayò ta?

Akin_Mọ́níyà:
Bàámi? Ọ̀ta ni! Kò sí òpè tó lè jókòó síwájú wọn ní Mọ́níyà. Ọpọ́n wọn ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù láti oṣù mẹ́rin.

Télọ̀_Òṣogbo:
Ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, ihò méjìlá. Kí ni bọ́tìnì mi jẹ́ níwájú ìyẹn? Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Akin_Mọ́níyà (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta):
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Dókítà fún mi ní oògùn, mò ń bọ́ọ́lẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀bù méjì kí n tó délé, mo ń fẹsẹ̀ rin ìyókù. 138/88 lánàá. Bàámi: ìdìde-jókòó ti di mẹ́wàá, màámi ló ń kà á, wọ́n sì le ju físíò lọ, tí bàámi bá dìde tí kò dúró ṣinṣin màámi á ní "a ò ka ìyẹn." Èjìká ti ń rọlẹ̀. Ṣíbí tá a wé yẹn, ìdajì oúnjẹ ló ń dé ẹnu, ìdajì ń dé agbádá, màámi ti yáa ran nǹkan bíi bíìbù fún wọn, bàámi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá.

Ti ayò ni mo fẹ́ sọ. Màámi fẹ́ gbé ọpọ́n wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bàámi ní rárá, ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ayò, wọ́n sì fi ọ̀pá rìn débẹ̀, mo kà á, ìgbẹ́sẹ̀ mẹ́rìndínlógójì. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò jókòó síwájú wọn. Bàámi fi ọwọ́ ọ̀tún kó ọmọ ayò mẹ́rin, ẹyọ kan bọ́, wọ́n he é, òmíì bọ́. Ẹ̀gbọ́n yẹn na ọwọ́ láti bá wọn jù ú sílé ayò, bàámi fi ọwọ́ òsì gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù: "Ṣé ìwọ lò ń ta á ni?" Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i pé ara ń ta wọ́n láti wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n di ẹnu ọ̀nà mú, wọn ò lọ. Eré kan gbà wọ́n ní wákàtí kan àti ààbọ̀.

Télọ̀_Òṣogbo:
Mo ń sunkún níbí o. Ta ló jẹ ayò yẹn?

Akin_Mọ́níyà:
Bàámi. Ẹ̀gbọ́n yẹn ní òun kàn fi sílẹ̀ fún wọn ni torí ara wọn ò yá. Bàámi ní kó padà wá lọ́la.